Ọṣẹ Tí Mo Gbé Gun Òkè Màpó

Ọkọ mi ní ikọ́ fée. Àwọn dókítà ń pè é ní àsímà, ìyá ọkọ mi ń pè é ní àìsàn ọyẹ́. Èmi tí mò ń sùn tì í kò fún un lórúkọ, ọ̀tá mi ni. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku Àrẹ̀mọ, àdúgbò wa n'Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í fò, oorun mi bà jẹ́ nìyẹn. Màá dùbúlẹ̀, màá máa tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Bó bá ti ń súfèé díẹ̀díẹ̀, ara mi kò ní balẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Tasí ló ń wà láàárín àwọn ọdún 1980 tí mò ń wí yìí. Èmi ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà'ba, Ìyá Olówùú ni gbogbo ọjà ń pè mí. Mọ́tò náà kì í ṣe tuntun nígbà tó rà á, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ẹni tó tà á sì fi lé e lọ́wọ́. Àwọn olè ń jí mọ́tò nígbà náà bí ẹní ń kó adìyẹ. Wọn á gbé ti Òkè Bọ́lá lónìí, wọn á gbé ti Ògùnpa lọ́la. Ẹ̀rù yìí wọ ọkọ mi lára débi pé ojoojúmọ́ ló ń wá ibi tuntun fi kọ́kọ́rọ́ náà pamọ́ sí kó tó sùn: abẹ́ ẹní lónìí, inú àpò gàrí lọ́la. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ògiri létí, èmi náà sì wà lára ògiri.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò pẹ́ tí wọ́n kírun àsùbáà tán, ikọ́ náà gbé e. Kì í ṣe irú èyí tó máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ètè rẹ̀ dú, ojú rẹ̀ ràn, kò lè sọ gbólóhùn kan. Mo figbe ta. Àbúrò rẹ̀ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa sáré wọlé. Awakọ̀ lòun náà, ṣùgbọ́n mọ́tò ọlọ́mọ́tò ló ń wà, ọgbà ọ̀gá rẹ̀ ló sì máa ń gbé e sí. Ó ní, "Ìyàwó wa, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Kọ́kọ́rọ́ dà? Ọkọ mi nàka sí igun yàrá. A tú àpótí aṣọ tó wà níbẹ̀ palẹ̀, kò sí. Ó mi orí, ó tún nàka. A gbọn aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ká ẹní, a da gàrí sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe Ọlọ́run. Mọ́tò wà níta gbangba, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà dúró láàárín yàrá, ọkọ mi sì ń kú lọ lójú wa. Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ gbé e pọ̀n bí ọmọ, ó sáré la àárín agbo ilé kọjá dé títì, àwọn alápatà kan tó ń kó ẹran lọ sọ́jà ló gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà sọ fún mi pé bí a bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ.

Nígbà tí ọkọ mi padà wálé, ó lọ sí igun yàrá náà, ó ki ọwọ́ bọ inú búùtà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde. Búùtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, tí gbogbo wa ń fẹsẹ̀ gbá lọ gbá bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ pé kí a gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kí ó wà lọ́wọ́ mi tàbí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo bínú, kò gbà. Mo rán ìyá rẹ̀ sí i, ó ní òun ti gbọ́, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́.

"O ò mọ àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́," ó ní nígbà tí mo tún dá a sílẹ̀. "Bí wọ́n bá gé ọ̀kan fún ẹ, wọ́n ti gé ọ̀kan fún ara wọn. Ọjọ́ kan ni màá kàn jí, màá bá ilẹ̀ lásán níbi tí mo gbé mọ́tò sí."

"Ẹ wá máa sọ ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí fún mi."

"Kí ìwọ náà wá sọ ọ́ fún ta ni?"

Ẹ gbọ́ nǹkan. Ẹ̀mí ọkọ mi wà lọ́wọ́ irin kékeré kan, ọkọ mi gan-an ló sì ń gbé irin náà sá pamọ́ fún mi. Bí wọ́n bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín, n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Dùgbẹ̀, sí ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ táì. Wọ́n ní òkè òkun ni kọ́kọ́rọ́ náà á ti wá. Wọ́n ní kí olówó mọ́tò fúnra rẹ̀ kó ìwé mọ́tò wá. Wọ́n wá pe owó tó lè ra ìdajì ọjà inú ìsọ̀ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde.

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ tí àwọn oníbàárà mi ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ kan tó tẹ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ mọ́ ọṣẹ, tí wọ́n wo ojú ọṣẹ náà gé òmíràn fún un. Ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà ni mo mú. Orúkọ tí wọ́n pe ọmọṣẹ́ náà nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, n kò ronú kàn án rárá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ọkọ mi wọ balùwẹ̀ láti wẹ̀ kó tó lọ sí mọ́sálááṣí, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò ṣòkòtò tó fi kọ́ ìṣó. Mo ti gé ọṣẹ ìfọṣọ kan sílẹ̀, mo ti rẹ ẹ́ títí ó fi rọ̀. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọn, mo tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, gbogbo eyín rẹ̀ jáde kedere. Mo fi etí ìró mi nù ún dáadáa, mo dá a padà sápò. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń da omi sára. Nígbà tó jáde, ó wò mí. Ó ní kí ni mò ń wò. Mo ní kò sí.

Títí di òní n kò gbà pé mo ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní mo ṣẹ̀, kó wá sùn ti ikọ́ yẹn lọ́jọ́ kan.

N kò jẹ́ gbé e lọ sí Ọjà'ba tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ mí, kí ọ̀rọ̀ má baà dé ilé ṣáájú mi. Ọkùnrin kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́ wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Màpó, lápá Bẹ́ẹ̀rẹ̀, lábẹ́ páànù kan tó ti dípẹtà. Kọ́kọ́rọ́ oríṣiríṣi ló so rọ̀ sára igi ìsọ̀ rẹ̀. Fáìsì tó fi ń há irin wà lórí tábìlì, fáìlì tó fi ń rẹ́ ẹ kò sì fẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ pé kì í pa ènìyàn lówó, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Lọ́jọ́ Ajé, mo di ọṣẹ mi sínú aṣọ ìnujú, mo lọ bá a.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá. Irú èwo lẹ fẹ́?"

"Ti mọ́tò ni," ni mo wí, mo tú aṣọ náà. "Ojú rẹ̀ rèé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gé e lónìí."

Ó wo ọṣẹ náà. Ó rọra fi fáìlì lélẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, ìyá, mò ń bọ̀." Mo yìn ín nínú ọkàn mi pé ọmọlúwàbí ni. Ó kọjá sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Nígbà tí àwọn méjèèjì padà dé, ọkùnrin náà dúró níwájú mi, fọkanáísà dúró lẹ́yìn mi.

"Ìyá, ta ló ni mọ́tò náà?"

"Tiwa ni."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

Bí mo bá sọ ọ́, yóò dé etí ọkọ mi kí oòrùn tó wọ̀.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ti kúrò ní ẹ̀yin, tí mo di ìwọ. Ó tó ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí kí n tó mọ̀ pé ọṣẹ ni àmì olè lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí nǹkan jẹ́ tirẹ̀ á mú kọ́kọ́rọ́ wá, ẹni tó fẹ́ jí i ló ń mú ọṣẹ wá. Ọlọ́pàá ti gbé ọ̀kan nínú wọn rí torí irú rẹ̀, ẹgbẹ́ wọn sì ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá tún gbé ọṣẹ dé, kí wọ́n dá a dúró. Gbogbo wọn ló mọ̀. Èmi nìkan ni n kò mọ̀, èmi tí mo jókòó tí mò ń yìn ín.

Mo dìde pé kí n máa lọ. Fọkanáísà fi ọwọ́ lé èjìká mi, mo tún jókòó. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún un. Ó tó báyẹn. Kí n tó ṣẹ́jú, èrò ti bò wá.

"Ìyá wọn rèé! Òun ló ń bá wọn gé e!"

"Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n gbé ní Òkè Bọ́lá ńkọ́?"

"Ẹ bi í pé ibo làwọn tó kù wà!"

"Ẹ mú táyà wá, ẹnu ẹ̀ á là!"

Táyà kò sì jìnnà. Ó wà ní òkìtì lẹ́yìn mi níbẹ̀, ní ìsọ̀ fọkanáísà. Mo ti rí i rí, ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè ní olè nílùú yìí, mo sì mọ̀ pé kì í pẹ́. Ẹnì kan já gèlè mi. Ojú mi wá bọ́ sára obìnrin kan tó ra òwú funfun lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ méjì ṣáájú, tí mo tún fún ní èènì. Mo pè é, "Ìyá, ẹ mọ̀ mí o! Olówùú Ọjà'ba ni mí, ẹ bá mi sọ fún wọn!" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ojú jọra," ó sì gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ. N kò tíì foríjì í. Bí ó bá wà láàyè, n kò tíì foríjì í.

Mo wá pariwo rẹ̀ síta: "Ọkọ mi ló ni ín! Onítasí ni, Ògùnpa ló ń dúró sí, ẹ lọ pè é wá!" Mo sọ orúkọ rẹ̀, mo sọ nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ọkọ ẹ ni, kí ló dé tí kò fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ fúnra ẹ̀?"

Mo tún ń pe nọ́ńbà mọ́tò náà ṣáá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì síwájú, ó gun orí àga rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn mí ní ìsọ̀ òun títí olówó mọ́tò á fi dé. Ó ní bí mo bá purọ́, àwọn náà ni wọ́n ṣì ń bẹ níbẹ̀. Fọkanáísà gun alùpùpù rẹ̀, ó gba Ògùnpa lọ.

Mo jókòó. Ẹ̀rù méjì ló wà lára mi, n kò mọ èyí tó ju èkejì lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé a kò rí ìsàlẹ̀ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ dáadáa láti orí òkè. Bí wọ́n bá sọ fún un pé wọ́n ti mú ìyàwó rẹ̀, yóò sáré, eré sì ni dókítà ní kò gbọdọ̀ sá. Ẹ̀rù kejì ni ohun tó máa sọ bó bá dé. Ọkọ mi kì í fi inú pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Bó bá ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ọṣẹ, òtítọ́ ló sọ, mo sì gbé.

Mo rí i kí ó tó rí mi. Èrò ti dí ọ̀nà mọ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ ló fi ń sáré gun òkè bọ̀, kò dé fìlà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí mọ́, fọkanáísà ń wọ́ alùpùpù tẹ̀ lé e nínú èrò. Mo gbọ́ àyà rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Àwọn ènìyàn là fún un.

Ọkùnrin náà na ọṣẹ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú kọ́kọ́rọ́ yín rèé?"

Ó wo ọṣẹ náà. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó wá gbé ojú sókè wò mí, mo sì rí i pé ó ti yé e pátá: balùwẹ̀, ṣòkòtò ara ìṣó, gbogbo rẹ̀. Inú bí i. Mo mọ ojú yẹn, n kì í ṣe àlejò rẹ̀.

"Èmi ni mo rán an," ó ní.

"Kí ló dé tẹ́ ò fún un ní kọ́kọ́rọ́?"

"Mò ń fi ṣiṣẹ́."

Àwọn kan kùn, bí ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ju gèlè mi sí mi lẹ́sẹ̀. N kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un tí ọkọ mi fi lóṣòó, tó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ orúnkún. Ètè rẹ̀ ti ń dú. Ó fẹ́ fa èémí, kò wọlé.

"Ẹ gbà mí, ikọ́ fée ni!" Mo ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀ ọ̀tún, mo ki ọwọ́ bọ tòsì. Kọ́kọ́rọ́ kò sí. Mo tú bùbá rẹ̀, kò sí. Mo ń pariwo sí i, "Ibo lẹ fi sí? Ẹ dákun, ibo lẹ fi sí?" bí ẹni pé ó lè dáhùn. Ó gbé ìka sókè. Ó nàka sí ìsàlẹ̀ òkè, sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó yé mi.

"Ó wà lára mọ́tò!" ni mo wí. "Kò yọ ọ́!"

Ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́ gbé e lápá, fọkanáísà gbé e lẹ́sẹ̀, wọ́n sáré sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mo ń sáré níwájú wọn láìdégèlè, mò ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ènìyàn sọ́nà. Mọ́tò náà dúró gbọọrọ sáàárín títì ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, wọ́n ń bú ìyá ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún aya rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún gbogbo olè Ìbàdàn, torí pé wọ́n ní wọ́n ti mú mi.

Fọkanáísà wọ ibi ìwakọ̀, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí fèrè títí a fi dé ọsibítù. Mo gbé orí ọkọ mi lé itan. Mò ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo tún ń bú u, "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí i báyìí?" Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú. Wọ́n ní kí n lọ dúró síta. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, n kò lọ ibì kankan, títí mo fi gbọ́ tó wúkọ́. Ikọ́ tí mo kórìíra láti ọjọ́ yìí, ọjọ́ náà nìkan ni mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ ọ.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni, "Mi ò rán ẹ."

"Mo mọ̀."

"Wọn ì bá pa ẹ́."

"Ẹ̀yin náà ì bá kú."

Ó yíjú sí ògiri. Ó ní bí ara òun bá le, a jọ máa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Mo ní n kò ní fẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀ mọ́ láyé. Ó ní màá tẹ̀ ẹ́.

A jọ lọ lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì ọkùnrin náà, ó wá jókòó tì í gbọn-in, kò gbé ojú kúrò lára fáìlì, nítorí ẹ̀kẹta tó ní wọ́n ń gé fún ara wọn. Ọkùnrin náà há irin sẹ́nu fáìsì, ó ń rẹ́ ẹ, ó ń wò ó mọ́ ti àtijọ́, ó tún ń rẹ́ ẹ. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò lára ilẹ̀kùn mọ́tò, ó há. Ó tún un rẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Àwọn ará àdúgbò ti jáde, wọ́n dúró, wọ́n ń wò wá. Mo mọ ojú àwọn kan nínú wọn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọkùnrin náà nu kọ́kọ́rọ́ tuntun náà, ó na án sí ọkọ mi. "Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n."

Ọkọ mi kò gbà á. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń wo Gbọ̀ngàn Màpó lókè bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Ọkùnrin náà tún na án sí i, ó dúró, kò sì mọ ohun tí yóò ṣe. Ìgbà tó yé e, ó yí sí mi, ó tẹ orí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Ẹ gbà, ìyá."

Mo gbà á lójú gbogbo wọn.